Igi Kédárì Lẹ́bánónì: Gbogbo Ọba Yìn Ín, Gbogbo Ọba Gé E

Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ti gbọ́ orúkọ igi kédárì kó tó mọ orúkọ ìdajì àwọn igi tó wà lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀. Mo rántí ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tiwa. Màmá àgbàlagbà kan ló ń kọ́ wa ní Sáàmù 92, níbi tí a ti fi olódodo wé igi ọ̀pẹ àti igi kédárì ti Lẹ́bánónì. Ọ̀pẹ kò ṣòro fún wa. Òun ni a ń jẹ epo rẹ̀, tí a sì ń fi ọwọ̀ rẹ̀ gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n kédárì ńkọ́? Ọmọ kan béèrè irú igi tó jẹ́. Màmá ronú díẹ̀, wọ́n ní ó jọ ìrókò, àmọ́ ó ga jù ú lọ. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀, a sì ń kọrin wa lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn ní Ìbàdàn, mo máa ń gba Òpópónà Lẹ́bánónì kọjá ní Gbági àtijọ́, lẹ́bàá Dùgbẹ̀, níbi tí àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì ti ń ta aṣọ láyé àwọn bàbá wa. Níbẹ̀ ni ìbéèrè ọmọ ọjọ́sí ti padà wá sí mi lọ́kàn. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1884, kò rí igi kankan nílẹ̀ wa tí wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ pe igi yìí. Wọ́n fi orúkọ àjèjì náà sílẹ̀ bó ṣe wà: kedari. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di igi tí a ń fi ẹnu yìn, tí ojú wa kò rí rí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn igi yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo tọpinpin rẹ̀. Kò sí igi kan lábẹ́ ọ̀run tí àwọn ènìyàn tíì yìn tó báyìí, tí ìyìn náà sì pẹ́ tó báyìí. Síbẹ̀, lórí àwọn òkè Lẹ́bánónì tó fún un lórúkọ, ó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn àgbà wa ní igi tó bá tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ó dà bí ẹni pé kédárì gan-an ni wọ́n wò kí wọ́n tó pa òwe náà.

Kí ni kédárì gan-an? Igi òkè ni. Kò fẹ́ràn pẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sì fẹ́ràn ooru. Láti ibi tó ga tó nǹkan bí 1,300 mítà sí orí òkun ni a ti ń rí i, títí dé ibi tí òjò dídì ti ń bo ilẹ̀ ní ìgbà òtútù. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, kì í sì í wọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ̀ẹ̀rùn tòjò ni ó máa ń tutù minimini. Ó lè ga tó 40 mítà. Ìrókò lè ga jù ú lọ, nítorí náà màmá wa kò gbà á délé. Ohun tó ń múni lójú lára kédárì ni bí ó ṣe ń tẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, pẹrẹsẹ lórí pẹrẹsẹ, bí àkéte tí a tò lé ara wọn. Kì í ṣe òdòdó ni ó fi ń so. Èso rẹ̀ le bí igi, ó jọ ẹyin, ó sì ń dúró ṣánṣán lórí ẹ̀ka, irúgbìn sì wà láàrin àwọn ìpẹ́ rẹ̀. Ọdún kan àbọ̀ sí méjì ni èso náà fi ń gbó. Igi náà fúnra rẹ̀ a máa tó ẹni 40 ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ẹ fi iye ọdún yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà bá a.

Ìdí tí àwọn ọba fi lépa rẹ̀ kò fara sin. Pákó rẹ̀ gùn, ó tọ́, ó sì rọrùn fún káfíńtà láti gbẹ́. Òróró inú rẹ̀ ń ta sánsán, òróró yìí ni kò sì jẹ́ kí ikán àti kòkòrò rí i jẹ, tí kò jẹ́ kí ó tètè jẹrà. Ní ilẹ̀ bíi Íjíbítì àti Ìráàkì, níbi tí igi ńlá ti ṣọ̀wọ́n, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ tẹ́ḿpìlì tàbí kan ọkọ̀ ojú omi tó lágbára gbọ́dọ̀ yí ojú sí òkè Lẹ́bánónì.

Ìtàn gígé rẹ̀ ti pẹ́ débi pé ó wà nínú ọ̀kan lára àwọn ìtàn tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí ènìyàn kọ sílẹ̀. Ìtàn Gilgamesh ni, ọba ìlú Uruk ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìráàkì lónìí. Gilgamesh àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Enkidu lọ sí igbó kédárì kan tí òrìṣà Enlil fi ẹ̀dá abàmì kan ṣọ́. Humbaba ni orúkọ ẹ̀dá náà. Àwọn méjèèjì pa olùṣọ́ yìí, wọ́n bẹ́ igi igbó rẹ̀ lulẹ̀, wọ́n sì fi èyí tó ga jù lọ ṣe ilẹ̀kùn ńlá fún tẹ́ḿpìlì Enlil. Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbọ́ ìtàn ọdẹ àti iwin yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ìyà ń bọ̀. Ó sì dé, nítorí Enkidu kú.

Ní ọdún 2011, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Sulaymaniyah, ní ìhà àríwá Ìráàkì, ra wàláà amọ̀ kan tí a kọ apá kan ìtàn yìí sí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú u, tí wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2014, wọ́n bá ohun kan níbẹ̀ tí kò hàn kedere tẹ́lẹ̀. Enkidu kò kàn yọ̀ lórí iṣẹ́gun wọn. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sọ fún un pé wọ́n ti sọ igbó náà di ahoro, ó sì ń ṣàníyàn nípa ohun tí wọn yóò wí fún Enlil nígbà tí wọ́n bá délé. Ẹ wo bí ẹ̀rí ọkàn ṣe pẹ́ tó. Àwọn tó kọ́kọ́ fi igi yìí ṣe ìtàn ti mọ̀ pé ẹ̀bi wà níbẹ̀.

Láti inú ìtàn òrìṣà, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sínú àkọsílẹ̀. Òkúta kan tí a kọ ìṣe àwọn ọba Íjíbítì àtijọ́ sí sọ pé ní ayé Fáráò Sneferu, ní nǹkan bí ọdún 2600 ṣáájú ìbí Jésù, ọkọ̀ 40 tó kún fún gẹdú wọlé sí Íjíbítì, kédárì sì ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó jẹ́. Ọmọ Sneferu ni Khufu, ẹni tó ni pírámíìdì tó tóbi jù lọ ní Giza. Ní ọdún 1954, wọ́n hú ọkọ̀ ojú omi kan jáde nínú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pírámíìdì náà. Wọ́n ti tú u palẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì tò ó sínú kòtò bí ẹrù. Nígbà tí wọ́n tò ó pọ̀ padà, ó gùn tó 43 mítà, kédárì Lẹ́bánónì ni ó sì pọ̀ jù nínú pákó rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí 4,500 ọdún lábẹ́ ilẹ̀, igi náà kò tíì jẹrà. Ìwà rere igi yìí ni ikú rẹ̀.

Síbẹ̀, ní ayé ìgbà yẹn, ó ní ẹni tó ń béèrè owó kí a tó gé e. Ìwé papírúsì kan tó wà ní Moscow lónìí sọ ìtàn Wenamun, òjíṣẹ́ tẹ́ḿpìlì Amun ti Íjíbítì, tó lọ ra gẹdú ní ìlú Byblos ní etíkun Lẹ́bánónì ní nǹkan bí ọdún 1075 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn onímọ̀ kan ní ìròyìn tòótọ́ ni, àwọn mìíràn ní ìtàn àròsọ ni. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbà pé ó fi bí nǹkan ṣe rí nígbà náà hàn. Wọ́n ja Wenamun lólè lọ́nà, ó sì dé iwájú Zakar-Baal, ọba Byblos, lọ́wọ́ òfo. Ó ní kí ọba fún òun ní igi nítorí ọlá òrìṣà òun. Zakar-Baal ní kí wọ́n gbé ìwé àkáǹtì àwọn baba ńlá òun wá, ó sì kà á sí i létí: láyé àtijọ́, Íjíbítì ń sanwó. Ìgbà tí wúrà, fàdákà, aṣọ ọ̀gbọ̀, awọ màlúù 500, okùn 500 àti ẹja dé láti Íjíbítì ni ọba tó rán ọkùnrin 300 àti akọ màlúù 300 lọ sí orí òkè.

Ọ̀rọ̀ ìṣòwò náà ni ó wà láàrin Sólómọ́nì àti Hírámù ọba Tírè, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní. A ka iye ènìyàn tí Sólómọ́nì kó lọ ṣiṣẹ́ ní Lẹ́bánónì níbẹ̀: 30,000, tí 10,000 ń lọ lóṣooṣù ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀. A ka iye ọkà àti òróró tó ń san fún Hírámù lọ́dọọdún. A kà nípa ààfin kan tí ọwọ̀n kédárì rẹ̀ pọ̀ débi pé Ilé Igbó Lẹ́bánónì ni wọ́n sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ọgbọ́n Sólómọ́nì àti lórí ẹwà tẹ́ḿpìlì rẹ̀. N kò tíì gbọ́ ẹyọ kan lórí ohun tó ṣẹ́kù lórí òkè lẹ́yìn tí àwọn 30,000 náà padà sílé.

Àwọn tó tẹ̀lé wọn kò tún rajà mọ́. Ìkógun ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ọba Ásíríà, láti orí Tiglath-Pileser Kìíní títí kan Sennakéríbù, fi í yangàn nínú àkọsílẹ̀ wọn pé àwọn gun òkè Lẹ́bánónì, àwọn sì bẹ́ kédárì rẹ̀. Nebukadinésárì ọba Bábílónì ṣe ju ìyẹn lọ. Ní àfonífojì kan ní Lẹ́bánónì tí a ń pè ní Wadi Brisa, ó ní kí wọ́n gbẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ òun sára àpáta: bí ó ṣe la òkè já kí ọ̀nà lè wà fún gẹdú, àti bí ó ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé kédárì. Àpáta náà wà níbẹ̀ dòní. Wòlíì Aísáyà, nígbà tó ń sọ nípa ìṣubú ọba Bábílónì, sọ pé àwọn kédárì pàápàá yọ̀, nítorí pé agégi kò gòkè tọ̀ wọ́n wá mọ́. Nínú gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ nípa kédárì láyé àtijọ́, díẹ̀ ni ó rò ó lọ́nà yẹn, pé igi náà ní ohun tirẹ̀ láti sọ. Àwọn baba wa náà sọ ọ́: bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò.

Bí ẹ bá wá rò pé kò sẹ́ni tó ṣòfin láti dá gígé náà dúró, ẹ gbọ́ ti Késárì Hadrian, tó jọba ní Róòmù láti ọdún 117 sí 138 lẹ́yìn ìbí Jésù. Káàkiri òkè Lẹ́bánónì, wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ tó tó nǹkan bí 200 tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ní èdè Látìn ní ayé rẹ̀. Ernest Renan, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó kó púpọ̀ nínú wọn jọ ní àwọn ọdún 1860. Ohun tí wọ́n wí ni pé ààlà igbó Késárì nìyí: irú igi mẹ́rin jẹ́ ti Késárì, ìyókù lè jẹ́ ti ará ìlú. Àwọn òǹkọ̀wé kan lónìí a máa yin òfin yìí bí ọ̀kan lára àwọn òfin ìdáàbòbò igbó tó pẹ́ jù lọ láyé.

Èmi kò bá wọn yìn ín. Àwọn irú igi mẹ́rin náà ni èyí tó wúlò jù fún ọkọ̀ ojú omi àti fún ilé ọba. Hadrian kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gé wọn. Ohun tó sọ ni pé kí ẹlòmíràn má gé wọn. Ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra gan-an ni. Ẹni tó ti ojú ewúrẹ́ rẹ̀ di ìlẹ̀kùn nítorí ọdún iléyá kò dáàbò bo ewúrẹ́. Ó kàn ń dúró de ọjọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí nínú ìtàn yìí nìyẹn. Láti ayé Sneferu títí di ayé Hadrian, kò sí aláṣẹ kan tó kórìíra kédárì. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí pákó ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀, wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ bí igi.

Lẹ́yìn Róòmù, àwọn ìjọba mìíràn jẹ, wọ́n sì lọ. Àwọn ará òkè ń gé igi fún oko, fún iná, fún èédú, ewúrẹ́ wọn sì ń jẹ ọ̀jẹ̀lẹ́ igi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí. Nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò láti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo igi inú Bíbélì, igbó tó wà lókè ìlú Bsharri ni wọ́n máa ń lọ, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Arz ar-Rabb, Kédárì Olúwa. Leonhard Rauwolf, dókítà ará Jámánì, ka igi ńlá 26 níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1570. Henry Maundrell, àlùfáà ará Gẹ̀ẹ́sì, dé ibẹ̀ ní ọdún 1697. Mẹ́rìndínlógún péré ni ó kà nínú àwọn arúgbó igi náà. Òótọ́ ni pé àwọn igi kéékèèké wà láàrin wọn tí wọn kò kà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: igbó tí ọkùnrin 30,000 ń gé nígbà kan rí ti di ohun tí àlejò kan lè kà tán láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ó ti di àṣà láti ìgbà náà kí wọ́n máa di ẹ̀bi náà ru ewúrẹ́ àti tálákà tó ni ín. Ewúrẹ́ jẹ̀bi lóòótọ́, nítorí bí ọ̀jẹ̀lẹ́ kò bá dàgbà, igbó yóò kú nígbà tí àwọn àgbà inú rẹ̀ bá kú. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kò lè jẹ igi tó ga ní 40 mítà. Nígbà tí ewúrẹ́ dé, àwọn ọba ti jẹ tiwọn tán.

Ẹ sì wo ẹni tó gba èyí tó ṣẹ́kù là. Àwọn ará òkè kan náà ni. Àwọn onígbàgbọ́ ìjọ Márónáìtì tó ń gbé àfonífojì Qadisha, nísàlẹ̀ igbó náà, ka àwọn igi wọ̀nyí sí mímọ́. Àwọn arìnrìn-àjò kọ ọ́ sílẹ̀ pé olórí ìjọ náà fi ìyọlẹ́gbẹ́ halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gé wọn. Wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn kékeré kan sáàrin igbó náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń pé jọ sí nínú oṣù August láti ṣe àjọ̀dún ìpaláradà Jésù. Ní ọdún 1876, wọ́n mọ odi òkúta yí igbó náà ká kí ewúrẹ́ má bàa wọ ibẹ̀ mọ́. Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́, Victoria kan náà tí a fi orúkọ rẹ̀ pe Victoria Island ní Èkó. Nínú gbogbo àwọn adé tó wà nínú ìtàn yìí, òun nìkan ni mo rí tó náwó lórí kédárì láìbéèrè pákó.

Ogun Àgbáyé Kìíní tún dé. Ìjọba Ọ́tómànì tó ń ṣàkóso Lẹ́bánónì nígbà náà gé igbó òkè lọ rẹpẹtẹ láti fi ṣe iná fún ọkọ̀ ojú irin wọn, ní àkókò tí ìyàn ńlá ń pa àwọn ará òkè náà bí eṣinṣin. Lẹ́yìn ogun, Faransé gba ilẹ̀ náà, wọ́n sì ya àwòrán kédárì sáàrin àsíá. Nígbà tí Lẹ́bánónì gba òmìnira ní oṣù November, ọdún 1943, kédárì tún ni wọ́n yà sáàrin àsíá tuntun, láwọ̀ ewé, láàrin pupa àti funfun. Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí ẹ kò ti ní rí i: lára ọkọ̀ òfuurufú, lára owó, lára àmì ẹgbẹ́ òṣèlú. Nígbà ogun abẹ́lé tó jà láti ọdún 1975 sí 1990, àwọn kan gbé kédárì sára aṣọ ogun wọn. Ní ọdún 2005, lẹ́yìn tí wọ́n pa Rafik Hariri tó ti jẹ́ olórí ìjọba, tí ọ̀pọ̀ èrò jáde sí ìgboro Beirut láti ní kí àwọn ọmọ ogun Síríà kúrò nílé, Ìyípadà Kédárì ni ayé sọ ọ́. Kédárì tó wà lórí aṣọ àti ìwé ní Lẹ́bánónì pọ̀ ju kédárì tó wà lórí òkè lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

N kò ní sọ pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ya igbó Shouf sọ́tọ̀ ní ọdún 1996, lábẹ́ òfin, kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀. Ní ọdún 1998, àjọ UNESCO fi àfonífojì Qadisha àti igbó Kédárì Olúwa sínú àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Wọ́n ya igbó Tannourine náà sọ́tọ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ará Bsharri dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin ọ̀jẹ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń bomi rin ín. Lórí òkè Taurus ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú kédárì yìí ṣẹ́kù sí láyé, ìjọba ibẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fọ́n irúgbìn rẹ̀ sórí àwọn òkè tó ti di ìhòòhò, ó sì ń hù. Síbẹ̀, àjọ IUCN, tó ń ṣàkójọ orúkọ àwọn ohun abẹ̀mí tí ewu ń wu, ṣì ka kédárì Lẹ́bánónì mọ́ wọn.

Ọ̀tá tó kù báyìí kò ní àáké lọ́wọ́, odi kò sì lè dá a dúró. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn olùṣọ́ igbó Tannourine rí i pé kédárì wọn ń pọ́n bí ohun tí iná rà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí, wọ́n bá kòkòrò kan tí sáyẹ́ǹsì kò tíì mọ̀ rí. Ó ní ìyẹ́, ó fẹ́ jọ agbọ́n, ìdin rẹ̀ ni ó sì ń jẹ ewé tuntun kédárì. Wọ́n fi orúkọ igbó náà sọ ọ́: Cephalcia tannourinensis. Abẹ́ ilẹ̀ ni kòkòrò yìí ń sùn sí. Nígbà tí òjò dídì ń bo òkè fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí ilẹ̀ tutù, tí ó sì rin, iye tó ń jáde kò pọ̀ tó èyí tó lè ṣe ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n ayé ń gbóná. Òjò dídì ń dín kù, ilẹ̀ ń gbẹ, kòkòrò náà sì ń jáde lọ́pọ̀ yanturu ní àsìkò tí ewé tuntun ń yọ. Igi tí òróró rẹ̀ kò jẹ́ kí kòkòrò jẹ pákó rẹ̀ fún 4,500 ọdún lábẹ́ ilẹ̀ Íjíbítì ni kòkòrò ń jẹ lóòyẹ̀ báyìí.

Igi tó bá fẹ́ sá fún ooru, òkè ló ń sá lọ. Irúgbìn tó bá bọ́ sí ibi tó ga díẹ̀ ju ti ìyá rẹ̀ lọ ni yóò yè, bẹ́ẹ̀ ni igbó yóò fi máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, láti ìran dé ìran. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ibi tó tutù tó fún kédárì ń sún sókè lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n òkè ní téńté. Ibi tó ga jù lọ ní Lẹ́bánónì jẹ́ 3,088 mítà. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀run ni. Ní Shouf, tó wà ní gúúsù, òkè kò tiẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀. Igbó tó bá ti dé ṣóńṣó kò tún rí ibi sá sí mọ́. Láti ọdún 2019 tí ọrọ̀ ajé Lẹ́bánónì ti dojú dé, tí epo ìdáná sì di ọ̀wọ́n gógó, àwọn kan ti tún padà sí igbó òkè pẹ̀lú ayùn ní ìgbà òtútù. Ta ni yóò dá tálákà tí òtútù ń pa ọmọ rẹ̀ lẹ́bi?

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí kò gùn. Ìyìn kì í ṣe ọgbà. A lè fi ohun kan sínú orin, kí a fi sínú ìwàásù, kí a yà á sára àsíá, kí a sì pa á láàrin orin náà. Ohun tó gba kédárì Bsharri là nígbà tí ó kù mẹ́rìndínlógún kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí àwọn ọba gbẹ́ sára àpáta. Òfin tí kò yọ aláṣẹ sílẹ̀, odi òkúta, àti àwọn abúlé tó gbà pé igi náà níye lórí bó ṣe dúró sí orí ìdúró ni. Bákan náà ni ohun tí yóò gbà á là lónìí yóò rí, àyàfi pé odi tí a nílò báyìí ju ohun tí abúlé kan tàbí orílẹ̀-èdè kan lè mọ lọ, nítorí èéfín tó ń mú òkè Lẹ́bánónì gbóná kì í ṣe èéfín Lẹ́bánónì nìkan.

Ẹ rántí iye ọdún tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ọ̀jẹ̀lẹ́ kédárì tí ọmọ Bsharri kan bá gbìn lónìí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 40 ọdún kó tó so èso àkọ́kọ́. Bí àgbàlagbà ló gbìn ín, ó ṣeé ṣe kí ojú rẹ̀ má rí èso náà. Síbẹ̀ wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń gbé omi gun òkè lọ bu sí ìdí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ń gbìn ín sí ibi tó ga ju ibi tí àwọn baba wọn gbìn tiwọn sí lọ. Nígbà tí a bá tún ka Sáàmù 92 ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọmọdé kan sì béèrè irú igi tí kédárì jẹ́, èyí tó wù mí kí a fi dá a lóhùn ni pé: igi kan ni ó wà lórí òkè kan, àwọn ènìyàn ṣì ń bomi rin ín.